Iná kàn ṣẹ́jú ni, fídíò ìgbéyàwó bá lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní Kubwa níbí mọ̀ pé fídíò òde ni mò ń ṣe, ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, ẹni tó bá yà á á gbé e wá, èmi á gé e, màá tò ó, màá fi orin sí i, gbogbo ẹ̀ nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì wa. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, ńlá kan tí mò ń fi ṣiṣẹ́ gan-an àti láàpútọ́ọ̀pù tí mò ń fi dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi, torí láàárín oṣù yìí nìkan, èèyàn mẹ́rin ló ti bi mí pé irú bátìrì wo ni kí àwọn rà sí kọ̀ǹpútà ilé, tí mo bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà kì í tán bọ̀rọ̀.

Oṣù Kẹta ọdún tó kọjá ni, àsìkò tí ooru Abuja máa ń lé èèyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Fídíò ìgbéyàwó kan wà lọ́wọ́ mi, ìyá ìyàwó fúnra ẹ̀ ló gbé iṣẹ́ yẹn wá, ó ti san owó ẹ̀ pé, ó ní ọjọ́ Ẹtì làwọn àna ń bọ̀ wá wò ó. Mo ti gé e tán, mo ti ní kí kọ̀ǹpútà máa gbé e jáde, wákàtí mẹ́rin ló máa ń gbà, ó ti dé 93 nínú ọgọ́rùn-ún, aago méjì òru ti kọjá díẹ̀. Iná bá ṣẹ́jú. Ṣẹ́jú ni mo pè é o, mi ò ní ó lọ. Fáànù orí mi ò tiẹ̀ dúró, gílóòbù kàn rẹlẹ̀ wẹ́ẹ́ ó sì padà tàn, àwọn tó ń sùn nínú ilé ò lè mọ̀ pé nǹkankan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tàn tán, fídíò tó ń jáde yẹn ò ṣeé ṣí mọ́, èyí tó wá dùn mí jù ni pé fáìlì iṣẹ́ náà gangan, níbi tí gbogbo gígé tí mo gé fún odindi ọjọ́ mẹ́ta wà, òun náà ṣí lófìfo. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àárọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo pe ìyá ìyàwó, mo ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí mi, iná ló ba iṣẹ́ yín jẹ́." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ò ní bátìrì ni?"

Mo ní bátìrì. Bátìrì olójé olómi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní tubular, 220Ah, ìyẹn bí iná tó lè gbà sára ṣe pọ̀ tó, wà lábẹ́ fèrèsé pálọ̀ pẹ̀lú ínfátà, mo sì ti náwó gidi lé e lórí. Tí iná bá lọ wákàtí márùn-ún, tẹlifíṣọ̀n á máa ṣiṣẹ́, fáànù á máa yí, ráútà á wà láyè. Kọ̀ǹpútà ńlá yẹn nìkan ló máa ń kú ná, ká tó tún un tàn, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo ra bátìrì fún òkùnkùn wákàtí márùn-ún, mi ò ra nǹkankan fún ìgbà tí iná kàn ṣẹ́jú péré, èyí tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwa tá a wà lórí Band A pàápàá, ìpele àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú náírà 225 ní yúnìtì kan ní oṣù Kẹrin 2024, wákàtí 20 lóòjọ́ ni wọ́n sọ pé a máa rí ó kéré tán, ó ṣì ku mẹ́rin, ṣíṣẹ́jú ò sì sí nínú ìṣirò yẹn rárá torí kò sẹ́ni tó ń kà á.

Ẹni tó là mí lójú ni Alfa kan, ọmọ Ọ̀fà, ó ti ń ṣe iṣẹ́ iná láti ìgbà tó wà ní Kaduna kó tó kó wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ó dé, kò tú nǹkankan, ó kàn lóṣòó síwájú ínfátà, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tí eruku ọyẹ́ ti dì mọ́, ó fi àtàǹpàkò nù ún. Súwíìṣì kékeré kan wà níbẹ̀, kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Wọ́n kọ UPS sí apá kan, ìyẹn ni ipò tó wà fún kọ̀ǹpútà, wọ́n kọ APL sí apá kejì. Tèmi wà ní APL láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé.

"Ìyá Ìbejì, ta ló bá yín gbé e kalẹ̀? Fíríìjì àti fáànù ló wà fún níbi tó wà yìí."

Ó fi ìdí bírò tì í sí apá kejì, mo gbọ́ tí nǹkan ṣe ká nínú ẹ̀. Ó ní kí n lọ tan kọ̀ǹpútà, ó dìde, ó lọ sídìí mítà, ó pa iná gbogbo ilé. Kọ̀ǹpútà ò mira. Ó tún tàn án, ó tún pa á, ìgbà mẹ́fà. Kò mira. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́, torí mo rántí pé ọdún kan àtààbọ̀ ni ínfátà yẹn ti wà nílé mi.

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ni mo ṣe máa sọ ọ́. Àpótí tí waya ògiri wọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú, bí omi tó ṣẹ́kù nínú rọ́bà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ omi, á ṣì máa kán díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀ yẹn kéré gan-an. Tẹ́ ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, nǹkan bíi 16 nínú ẹ̀ ló lè fara dà. Ínfátà tó wà ní ipò fíríìjì lè lo 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó gbé iná bátìrì wọlé, tó bá wà ní ipò UPS nǹkan bíi 10 ni, àwọn UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún kọ̀ǹpútà, àpótí kékeré tó ní bátìrì tiẹ̀ nínú, sì máa ń ṣe é láàárín 4 sí 10. Àárín 16 àti 20 yẹn ni iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mi já sí. Láàpútọ́ọ̀pù ò ní ìṣòro yìí, bátìrì wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lo láàpútọ́ọ̀pù nìkan kì í fi mọ ohun tí àwa yòókù ń sọ.

Alfa ní kí n ṣì ra UPS kékeré kan sí àárín ínfátà àti kọ̀ǹpútà. Ó ní ínfátà tí gbogbo ilé gbọ́kàn lé, ọjọ́ kan ẹnìkan á ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, á ké, á sì kú, kọ̀ǹpútà mi á bá a lọ. Mo gbọ́ràn, mo lọ sí Wuse 2 níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà, ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní, "Àǹtí, 650 rèé, ó máa gbé gbogbo ẹ̀." Mo rò pé 650 watt ló ń wí. 650VA ni. Watt tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ páálí, pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré ju ìyẹn lọ, 360 ni. Ẹ máa wo watt o, VA yẹn máa ń ga jù ú lọ lọ́pọ̀ ìgbà, watt lẹ sì máa fi ṣèṣirò. Mo délé, mo ki kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́, mo ki ojú kọ̀ǹpútà, mo ki ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser bọ̀ ọ́ pẹ̀lú, ìgbà tí mo tẹ ìwé àkọ́kọ́ ló pariwo gooro ó sì pa gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser máa ń gbóná kó tó lè lẹ yíǹkì mọ́ ìwé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún watt ló máa ń fà lẹ́ẹ̀kan, kò sí UPS kékeré tó lè gbà á. Ara ògiri ni tèmi wà báyìí, tí iná bá lọ nígbà tó ń tẹ̀wé, ìwé kan ló bàjẹ́.

UPS yẹn ò tiẹ̀ pé oṣù márùn-ún tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní kété tí iná bá lọ. Mo tú u. Ìdè mẹ́rin ló wà nídìí ẹ̀, mo ṣí ìdérí, bátìrì dúdú kan ló wà nínú ẹ̀ tó tó búrẹ́dì kékeré, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì ti wú bí ikùn ẹni tó jẹun yó, ó ti há, mi ò lè fà á jáde, àfìgbà tí mo dojú UPS délẹ̀ tí mo ń gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́ kó tó yọ. Wọ́n kọ 12V 7Ah sí i lára. Irú ẹ̀ wà ní ọjà, owó ẹ̀ ò tó ti UPS tuntun rárá, waya pupa sí ibi pupa, dúdú sí dúdú, ó tán. Alfa ní ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ lórí àtẹ kí n tó rà á, torí bátìrì olójé yìí, tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà méje láìfún un níná, ó ń kú lọ níbi tó wà ni, kéèyàn máa wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kó tó sanwó. Mo ti ń wò ó báyìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń retí jù. 12 volt, 7Ah, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, 84 ló jẹ́, ìyẹn ni pé ó lè gbé nǹkan tó ń jẹ 84 watt fún wákàtí kan lórí ìwé. Kọ̀ǹpútà mi àti ojú ẹ̀ ń jẹ nǹkan bí 130 watt. Lórí ìwé ó yẹ kó tó ìṣẹ́jú 38, ṣùgbọ́n bátìrì olójé tí wọ́n bá ń yára fa iná inú ẹ̀, kì í fún èèyàn ní gbogbo ohun tó ní, ìṣẹ́jú 14 ni mo fi aago wò nígbà tó ṣì tuntun. Ó tó mi. Kò sẹ́ni tó ní kí UPS gbé mi dalẹ́.

Ó máa ń wà nínú páálí àwọn UPS tó ní ihò USB, waya USB kan tí orí ẹ̀ kan rí bíi ti waya ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọ̀pọ̀ èèyàn ń jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wá a jáde. Tẹ́ ẹ bá ki apá kan bọ UPS, ẹ ki apá kejì bọ kọ̀ǹpútà, Windows á rí i bí ìgbà tó rí bátìrì láàpútọ́ọ̀pù, àmì bátìrì á yọ nísàlẹ̀, ẹ sì lè sọ fún un pé tó bá ti ku 40 nínú ọgọ́rùn-ún kó ṣe hibernate, ìyẹn ni pé kó kọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ sórí dísìkì, kó sì pa ara ẹ̀ fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá padà tàn án ẹ ó bá gbogbo ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn tó ń lo Linux, ètò kan tó ń jẹ́ NUT ló ń ṣe é, ó mọ oríṣiríṣi UPS, òmíràn tó ń jẹ́ apcupsd sì wà fún àwọn UPS tí ilé iṣẹ́ APC ń ṣe. Èmi lè lọ ọjà Kubwa fi fídíò sílẹ̀ lórí iná báyìí, nítorí waya yẹn. Tó bá jẹ́ owó UPS kan ṣoṣo lẹ ní lọ́wọ́, èyí tó ní ihò USB ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi èyí tó ní gílóòbù rẹpẹtẹ níwájú sílẹ̀ fún wọn.

Ó wá ku wákàtí gígùn. Bátìrì tubular mi dàgbà, mo sì fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, Alfa ní kí n má ì tíì dárúkọ bátìrì kankan, kí n lọ ka watt mi ná. Ó yá mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń sọ watt tí nǹkan ń jẹ. Ọjọ́ méjì ni mo fi kà á. Kọ̀ǹpútà àti ojú ẹ̀ 130 tí mo bá ń gé fídíò lásán, ó máa ń tó 210 tó bá ń gbé e jáde, ráútà 9, fáànù 55, gílóòbù méjì 16. Mo ní ẹ jẹ́ ká pè é ní 220 láròpọ̀, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mò ń gbé fídíò jáde, mo sì fẹ́ wákàtí 8. 220 lọ́nà 8, ó jẹ́ 1,760. Bátìrì lithium 12.8 volt, 200Ah, 2,560 ni, téèyàn bá lo 80 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ó jẹ́ 2,048, ínfátà fúnra ẹ̀ á jẹ díẹ̀ níbẹ̀ torí iná tó ń yí padà yẹn ń jẹun, ohun tó kù ló tó mi gẹ́ẹ́. Tubular 220Ah méjì á ṣe é náà, 5,280 ni lórí ìwé, àmọ́ ìdajì ni kéèyàn lò tí kò bá fẹ́ kó tètè kú, ó wúwo débi pé ọkùnrin méjì ló ń gbé ọ̀kan, ẹ ó sì máa bu omi tí wọ́n sè mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní distilled, sí i, ẹ má bu omi pọ́ọ̀pù o. Lithium irú tí wọ́n ń pè ní LiFePO4 wọ́n jù ú lọ níbi owó, àmọ́ ó lè gba iná kó sì fún èèyàn padà ju ìgbà 2,000 lọ, kò fẹ́ omi, kì í tú gáàsì. Mo dá èésú, mo rà á. Ẹni tí ò bá lágbára ẹ̀, kó ra tubular kó sì tọ́jú ẹ̀ dáadáa, kò sí ohun tó ṣe é. Èyí tí mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni ni bátìrì tí wọ́n fi ẹyin bátìrì láàpútọ́ọ̀pù àlòkù so pọ̀, tí wọ́n fi rọ́bà dì, mo ní ọmọ nílé.

Tẹ́ ẹ bá máa ra ínfátà, ẹ bèèrè pure sine wave. Àwọn tí ìgbì iná wọn ò dán, àpótí iná àwọn kọ̀ǹpútà tuntun míì kì í bá wọn rẹ́, á máa kùn tàbí kó pa ara ẹ̀.

Ooru ń jẹ bátìrì olójé ju ohun tí èèyàn rò lọ. Ìwọ̀n ooru 25 lórí Celsius ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ ayé ẹ̀, tó bá ti fi 10 gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ ọjọ́ ayé yẹn di ìdajì, ẹ wá wo oṣù Kẹta àti Kẹrin nílùú Abuja, ẹ má tíì wá sọ Sókótó tàbí Maiduguri. Abẹ́ fèrèsé tí tubular mi wà yẹn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wọlé síbẹ̀. Kí n tó pààrọ̀ ẹ̀, mo gbé e lọ sínú kọ́rídọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, torí tubular ń tú gáàsì tó lè gbiná tó bá ń gba iná, kò yẹ kó wà ní yàrá téèyàn ń sùn.

Ọ̀rọ̀ waya ńkọ́. Ínfátà tó bá ń gbé 1,500 watt jáde látara bátìrì 12 volt, 125 amp ló ń fà, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀, waya tín-ín-rín ò lè gbà á. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ òórùn bíi ti rọ́bà, mo fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì orí bátìrì, ó gbóná bí ìdí ife tíì, mo yára gbọ́wọ́ kúrò. Nọ́ọ̀tì yẹn ló ti dẹ̀. Alfa pa gbogbo ẹ̀, ó fi spánà dè é, ó tún fi fíúsì ńlá sí etí bátìrì gan-an, kò fi í sí etí ínfátà, ó ní tí waya bá kan ara wọn láàárín ọ̀nà, ibi tí iná ti ń wá ni kí fíúsì ti já. Láti ìgbà yẹn mo máa ń fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì náà lóṣooṣù.

Àbúrò mi tó wà ní Barnawa ní Kaduna ló kọ́ mi ní èyí tó kù. Oṣù Kẹwàá 2024, nígbà tí waya ńlá tó ń gbé iná lọ sí òkè Ọya bàjẹ́, tí Kaduna, Kano, Jos, Bauchi wà nínú òkùnkùn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, bátìrì mẹ́rin ló ní o, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ kejì wọ́n ti gbẹ. Ó pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bátìrì wà nílẹ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ bù sí i." Jẹnẹrétọ̀ ló fi ń fún wọn ní iná, ní oṣù tí lítà epo kọjá náírà 1,000, UPS àwọn kọ̀ǹpútà ẹ̀ sì ń kọ iná jẹnẹrétọ̀ náà, ta-ta-ta ni wọ́n ń ṣe títí bátìrì wọn fi tán, torí jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró lórí 50 hertz, ìyẹn iye ìgbà tó yẹ kí iná máa yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, UPS sì rò pé iná burúkú ni. Oníṣẹ́ kan ló bá a tún ìsáré jẹnẹrétọ̀ náà ṣe. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló ra sólà, èmi náà sì fi páànẹ́lì méjì sórí òrùlé. Nígbà ọyẹ́ eruku máa ń bò wọ́n, ọkọ mi ló ń gun àkàbà lọ fi omi nù wọ́n láàárọ̀ kí oòrùn tó mú.

Mo ti fi máákà kọ ọjọ́ tí mo ra bátìrì UPS tuntun sí i lára. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń yọ UPS kúrò lára ògiri fúnra mi, màá fi aago wo ìṣẹ́jú tó lò, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 14, ó ti di 11. Tó bá ti dé 6 màá pààrọ̀ ẹ̀.

Ọmọbìnrin tí fídíò ìgbéyàwó ẹ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn ti bímọ. Ìyá ẹ̀ tún gbé fídíò ìkómọ wá fún mi, inú mi dùn débi tí mi ò lè sọ. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ń gbé e jáde, iná ṣẹ́jú, UPS ké lẹ́ẹ̀kan, tíì, ó sì dákẹ́. Ìgbà tó tó bí ogún ìṣẹ́jú iná lọ pátápátá. Fóònù mi dún.

"Ìyá Ìbejì, ṣé iná wà lọ́dọ̀ yín?"

"Kò sí o, Mummy. Fídíò yín ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."